Òkúta Tí Mo Ti Kọ́ Ìkúnlẹ̀

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹnu mi kò sì yá láàárín èèyàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo ń gbé. Lọ́nà oko wa, àwọn òkúta ńláńlá kan dúró ṣánṣán, tí àwọn ará àtijọ́ gbé òmíràn dábùú lé lórí. Ibojì obìnrin tó tẹ agbo ilé wa dó ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Houston, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ilé wa ní ìkúnlẹ̀. Kí o tó kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni láyé, ìyá yẹn ni wàá kọ́kọ́ kí. Àwọn ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ tèmi, mo béèrè pé, “Ṣé wọ́n ń gbọ́?”

Ìyá àgbà ní, “Ìwọ tí ohùn rẹ kì í kọjá eyín yìí? Àwọn nìkan ni yóò gbọ́ tìrẹ!”

Òótọ́ ni. Ohun tí n kò lè sọ fún èèyàn, ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, mo ṣèlérí fún wọn pé n óò padà wá kúnlẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni mo ń bá tọ́jú ọmọ ní Mission Bend, ní Houston níbí. Ní Sunday tó kọjá, wọ́n ń fi fọ́tò ilé tí wọ́n ń kọ́ sí ọ̀nà oko han àwọn àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń bu ìrẹsì lọ́wọ́.

Bàbá kékeré ní, “Ìpìlẹ̀ yẹn, a ò ra òkúta rárá. Àwọn òkúta orí sàréè àtijọ́ yẹn la fọ́ sí i.”

Ọmọ wọn obìnrin ní, “Daddy, ta ni wọ́n sin síbẹ̀?”

“Ta ló mọ̀? Òkúta lásán ni, jàre.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá kékeré náà ti dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ rí o. Mo bu ẹran sí àwo wọn.

Ayé ti yí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kọ́lé a máa yà fún òkú. Nísinsìnyí, òkú la fi ń gbé pálọ̀ ró. Èmi kò sì níbi tí n óò padà sí láti sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kékeré ń lọ síbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ní ìdúró ṣánṣán ni mo kí wọn.