Rọ́bà Tó Fa Eyín Mi Padà

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní Ṣakí, kété lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, eyín ìsàlẹ̀ mi ló máa ń bo ti òkè bí mo bá panu dé. Iwájú ẹnu mi kò lè gé ẹran. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a na àgbọ̀n síta bí wọ́n bá fẹ́ sín mi jẹ.

Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, pé dókítà kan ń to eyín n'Íbàdàn. A wọ bọ́ọ̀sì gba Ìṣẹ́yìn kọjá, a sì débẹ̀ pẹ̀lú eruku pupa lórí. Obìnrin ni dókítà náà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, eyín mi tò gún régé, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ ṣì wà níwájú ti òkè.

Ìgbà náà ló mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Rọ́bà róbótó-róbótó ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

Ó ní, "Wáyà ló ń to eyín. Rọ́bà ni yóò mú òkè àti ìsàlẹ̀ bára mu."

Ó fi rọ́bà kan kọ́ ìkọ́ tó wà níwájú wáyà ìsàlẹ̀, ó nà án lọ sẹ́yìn, ó sì fi kọ́ eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ lókè. Ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà.

"Bó ṣe ń fẹ́ sún kì, á máa fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, á sì máa fa ti òkè bọ̀ níwájú. Ojoojúmọ́ ni kí o pààrọ̀ rẹ̀, torí rọ́bà tó ti rọ̀ kì í fa nǹkan."

"Ṣebí inú egungun ni eyín wà, mà? Báwo ni rọ́bà ṣe máa sún un?"

"Egungun náà ń bẹ láàyè, ọmọ mi. Bí a bá rọra ti eyín sí i, á yẹ̀ fún un. Á sì tún hù dí ibi tí eyín ti kúrò."

Orí mi wú. Gbogbo ọ̀nà títí dé Ṣakí ni mò ń fi ahọ́n tọ́ rọ́bà náà wò.

Nígbà òjò, ọ̀nà bàjẹ́, a kò tètè lè padà lọ. Nígbà tí rọ́bà mi fẹ́ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó lè pẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà gbé dígí sí mi lọ́wọ́. Agbede-méjì eyín ìsàlẹ̀ mi ti yẹ̀ sí ọ̀tún!

Ó ní, "Ṣé o rí i? Ibi tí o fà á sí ló lọ."

Ó yẹ kí ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu ló yà mí. Láti ọjọ́ náà, n kò fo ọjọ́ kan mọ́, n kò sì yọ ẹ̀gbẹ́ kankan sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo mu ẹ̀kọ tán, mo panu dé, mo sì gbọ́ tí eyín òkè mi yọ̀ bọ́ síwájú ti ìsàlẹ̀. Mo sáré lọ bá ìyá bàbá mi níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó fi ìka tọ́ ọ wò.

"Ta ló tì í?"

"Rọ́bà ni, mà."

Ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan. Ó nà án láàárín ìka méjì, ó sì jẹ́ kó sún kì padà, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Sùbùhánálláhì," ló sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú wáyà kúrò, dókítà to ère méjì tó jọ eyín mi sórí tábìlì, èyí tí ó fi ohun funfun bí ẹfun mọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Bàbá mi gbé wọn sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wo tibí, ó ń wo tọ̀hún.

"Ẹnu kan náà rèé, dókítà?"

"Ẹnu ọmọ yín ni, sà."

Bàbá mi rọra gbé wọn kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.