Ọjọ́ Méjì Nínú Oòrùn

N kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú rí òkú ènìyàn, inú sì ń bí mi títí di òní olónìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo ewú orí mi kí ẹ rò pé ìbínú náà ti rọ̀. Kò rọ̀.

Ogun Bìáfírà ti parí nígbà náà, mọ́tò sì ti ń pọ̀ sí i lójú títì tó gba Fìdítì kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọkùnrin alágbàṣe kan ń gbé láàárín wa, àlejò tó wá láti òdìkejì odò Ọya. Òun ló ń kọ ebè fún ìdajì ìlú. Bí ẹ bá rí ebè rẹ̀, ẹ ó rò pé okùn ló ta kó tó kọ ọ́. Ó kọ ebè iṣu bàbá mi lọ́dún yẹn, èmi ni mo sì ń gbé omi fún un mu. Á ní, "Ọmọ dáadáa, o ṣé o," pẹ̀lú ohùn ìlú wọn, á wá rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́rì kan gbá a ní kọ́nà tó wà láàárín Fìdítì àti Ìlọrà. Lọ́rì náà kò dúró. Nígbà tí a fi máa jáde ilé ìwé, ó ti kú sínú koríko etí títì. Àwọn àgbà ìlú dúró lókèèrè, wọ́n mi orí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni ọlọ́pàá máa mú. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Nígbà tí a tún kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti yí padà. Ikùn rẹ̀ ti wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ ti dúdú, eṣinṣin sì bo ẹnu rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọsàn lójú títì, ni wọ́n bá gbé igbá ọsàn wọn sún síwájú. Ṣé ẹ gbọ́? Igbá ọsàn ni wọ́n gbé. Wọn kò gbé òkú.

Wọ́n tún wá dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ó ti dalẹ̀ rí, pé ilẹ̀ tó dà ló ń mú un wú. Èmi òmùgọ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo sọ ọ́ létí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Agbẹ̀bí ni ìyá náà. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ló ti kọ́ṣẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ̀bí ló ń wẹ òkú.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Jókòó síbí." Mo jókòó. "Ẹran ara ni gbogbo wa. Oúnjẹ tó wà nínú ikùn kò mọ̀ pé ẹni tó jẹ òun ti kú, kíkẹ̀ ló ń kẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló sì ń mú ikùn wú. Bí wọ́n bá tẹ́ pásítọ̀ wa sínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wú. Bó bá jẹ́ omi ló gbé e, á kọ́kọ́ rì, á wá léfòó, awọ ọwọ́ rẹ̀ á sì bó kúrò bí ìbọ̀wọ́. Inú ilẹ̀ ló tutù. Ohun tí oòrùn ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ilẹ̀ á fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe é, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sin ènìyàn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lo rí lójú títì. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa lo rí."

Ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ẹní àti ọkọ́. Bàbá mi dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wàhálà bá ilé yìí."

"Ta ló kọ ebè oko rẹ?"

Bàbá mi wolẹ̀.

"Ẹni tó kọ ebè fún odindi ìlú, ìlú kò wá lè kọ ebè kan ṣoṣo bò ó?"

Alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìnkùlé wa nìkan ló bá a lọ. Wọ́n fi aṣọ di imú, wọ́n yí i sínú ẹní, wọ́n sì sin ín sábẹ́ igi ìyeyè kan nítòsí ibẹ̀. Ìdin ti dé. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá kankan kò sì wá mú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà òjò ti wọlé dáadáa nígbà tí ìyá ọkùnrin náà dé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pẹ̀lú àbúrò olóògbé tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n júwe ilé wa fún wọn. Bàbá mi jáde sí wọn, ó ní, "A sin ín dáadáa." Ìyá náà kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá mi mú, ó ń dúpẹ́. Bàbá mi sì gba ọpẹ́ náà!

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jáde láti inú ilé. "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ọmọ yín fi wà nínú oòrùn, ojú gbogbo ìlú ló sì ṣe."

Àbúrò olóògbé túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. Kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ òun lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

"Kò tíì ṣeé gbé," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Ilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fún un ní ọdún mẹ́ta. Egungun nìkan ni yóò kù, ẹ ó sì lè gbé e mọ́ àyà."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyá olóògbé padà wá lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, bàbá mi ti mú ọkọ́. Òun nìkan ló gbẹ́ ojú oórì náà. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀. Ẹní ti di ilẹ̀. Egungun náà pupa bí ilẹ̀ wa, ti itan ọ̀tún sì ti dá sí méjì níbi tí lọ́rì ti gbá a. Ìyá náà fi etí ìró rẹ̀ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú aṣọ funfun. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀ náà. Ìyá náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ mọ́tò, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Bàbá mi ti kú báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí ọjọ́ méjì yẹn jì í.

Ẹ ó ní ayé ti lajú. Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́ṣúárì wà, oògùn wà tí wọ́n ń fún òkú tí kì í jẹ́ kó wú, a sì lè gbé bàbá ẹni síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nítorí pé a fẹ́ kun ilé. Ẹni tí mọ́tò gbá lójú títì yìí kan náà lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ẹni mọ́kànlá ni mo kà tó na fóònù sókè, tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn àgbà ayé ìgbà tèmi bẹ̀rù ọlọ́pàá. Kí lẹ̀yin bẹ̀rù? Mo tú gèlè orí mi, mo fi bo ojú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì ya èmi náà mọ́ ọn.