Ijó Orúnkún ní Òkèrèwè

Lánàá, ọmọbìnrin mi gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì, orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì ń kọ́ ijó kan tí wọ́n ní ó ti Sáúùtù Áfíríkà wá. "Màámi, ẹ wá jó." Kí n tó dáhùn, mo ti dìde lọ ti fèrèsé. Kò bi mí pé kí ló dé, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fẹ́ mọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, makosa ni gbogbo ayé ń jó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, awakọ̀ tó ń kó obì lọ sí ìhà Kamẹrúùnù, ló gbé e wọ agboolé wa ní Òkèrèwè, ní Ifẹ̀. Ọkùnrin náà sanra, ìdí rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń jó o níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ta ni yóò já irọ́ rẹ̀?

Mo gbé ijó náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Rísíkà, ọ̀rẹ́ mi tó ń ti Modákẹ́kẹ́ wá, wò mí títí, ó ní, "Ìwọ yìí, bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ lo ṣe ń jó." Ó wá fi tirẹ̀ kún un: ó pa orúnkún méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ. Àwọn baba ńlá wọn ló kó o bọ̀ láti ìhà Ọ̀yọ́ àtijọ́, nígbà tí ogun lé wọn.

Kí oṣù tó parí, kò sí ọmọdé ní Òkèrèwè tí kì í pa orúnkún. Àwọn géńdé náà kọ́ ọ. Ọmọ kan tiẹ̀ wá lo ìsinmi láti Ìbàdàn, ó ń kọ́ wa ní ijó wa, ó ní àwọn ló dá a sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Ní ọdún kejì, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́. Rísíkà wà nílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Kí a tó ṣà á tán, ọ̀nà ti dí. Ìyá mi àgbà tì wá mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ọjọ́ mẹ́fà ni a sì lò níbẹ̀. Ìbọn ń dún, a kò mọ ẹni tó ń yìn ín. A kò jẹ́ húkọ́. A jókòó sórí ẹní, a ń fi èjìká nìkan jó láìsí orin, nítorí bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ara wa á máa gbọ̀n débi pé eyín wa á máa kọlu ara wọn.

Ìyá àgbà kìlọ̀ fún Rísíkà pé kò gbọdọ̀ la ẹnu bí ẹnikẹ́ni bá dé. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣọ́ àdúgbò wọlé pẹ̀lú àdá. Irú wọn wà ní ìlú kejì náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

"Màmá, ta lèyí?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Inú ilé yìí la bí i sí. Ọ̀fun ló ń dùn ún."

"Ọ̀fun." Ọ̀gá wọn wo Rísíkà látòkè délẹ̀. "Ẹsẹ̀ ò dùn ún, àbí? Kó jó ijó Òkèrèwè fún wa. Ọmọ ilé yìí ò lè ṣàìmọ̀ ọ́n."

Ìyá àgbà di ògiri mú. Rísíkà dìde. Ó mi ìdí díẹ̀, ó pa orúnkún pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Tiwa ni," ó wí fún àwọn yòókù. "Ẹ wo orúnkún. Ará ibòmíràn ò lè jó o báyìí láéláé." Wọ́n kí ìyá àgbà, wọ́n sì jáde.

Rísíkà kò sunkún. Ó jókòó pa dà sórí ẹní, ó ní, "Ijó ìyá mi àgbà mà ni."

"Dákẹ́, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa mú un lọ."

Nígbà tí ọ̀nà là fún wákàtí díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá fi ọkọ̀ gbé Rísíkà kọjá sí Modákẹ́kẹ́. N kò rí i mọ́. Wọ́n ní òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti kó lọ sí Ìwó, n kò wádìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan kì í bèèrè púpọ̀.

Ọ̀nà ti là báyìí. Àwọn ọmọ ìlú méjèèjì jọ ń gun ọ̀kadà kan náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé tuntun síbi tí iná jó. Ijó ṣì ń rìn bó ti ń rìn tẹ́lẹ̀: kò mọ ààlà, kì í sì í dárúkọ ẹni tó bí i. Àwọn kan ní ohun tó dára jù nípa ijó nìyẹn. Ó ṣeé ṣe. Èmi mọ̀ pé ká ní àwọn ọkùnrin yẹn mọ ibi tí ijó náà ti wá ni, ẹ̀yìn ilé wa ni à bá sin Rísíkà sí.