Ojú-Ìwé Tí Mo Fi Polówó Ilé Màmá

Nígbà tí wọ́n sọ Adó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, ilé di ohun tí ènìyàn ń wá bí ẹni ń wá omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ń kó dé láti Àkúrẹ́, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Wọ́n ti rí ọ́fíìsì, wọn kò rí ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹní sí. Àwọn kan ń bá ìbátan gbé ní Ìyìn, wọ́n ń wọ mọ́tò wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Mo mọ ìdílé kan tó ń sùn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ti ká ẹní wọn kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe àdúrà òwúrọ̀ tó dé.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò Òkèṣà, ní àárín Adó, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, tí a sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ọ̀gá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó wá ṣe fọ́tókọ́pì ló ń béèrè ilé, ló bá fi iṣẹ́ àjẹ́ńtì ilé kún tirẹ̀. Ó kan pákó gbàgàdà kan mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Onílé tó bá ń wá ayálégbé yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bébà, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n pákó náà kò ṣeé kà. Ẹnì kan á kọ̀wé wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. Òmíràn á sọ iye yàrá, á gbàgbé láti sọ àdúgbò. Bàbá kan kọ ìtàn bí òun ṣe ru búlọ́ọ̀kù ilé náà lórí ara òun, kò sọ bóyá kànga wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé á dúró nínú oòrùn, á kà á, kà á, á sì bínú lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé nígbà náà. Màmá ni mò ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì ni àwọn òbí mi, tí wọ́n ń ṣe àgbẹ̀ ní Ìyìn, ti fà mí lé e lọ́wọ́. Opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Sùtánà ló ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ Àládùúrà, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lórí fàráńdà, ó kọjú sí ọ̀nà, ẹni tó bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ kò lè kọjá láìkí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì í bó ṣe ń tẹ́ pátánì bébà rẹ̀ sórí aṣọ funfun.

Mo ní, "Màmá, ṣé gbogbo sùtánà tí ẹ ń rán, pátánì kan yìí náà ni?"

"Òun náà ni. Bí ẹni tó ni ín bá sanra, n ó fà á síta. Bó bá ga, n ó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí kò bá fẹ́ kọ́là, n ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọrùn wà, ibẹ̀ náà ló máa wà."

Ọ̀rọ̀ náà ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sì ṣe ojú-ìwé kan tó lè gba ilé yòówù kó jẹ́. Mo fi àyè sílẹ̀ lókè fún fọ́tò, tí a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Mo lè sọ àyè náà di ńlá tàbí kékeré. Orúkọ àdúgbò wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gbàǹgbà. Lẹ́yìn náà ni iye yàrá, omi, iná, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọgbà. Èyí tí ilé kan kò bá ní, n ó yọ ìlà rẹ̀, ojú-ìwé á sì padé bí ẹni pé ìlà náà kò sí níbẹ̀ rí. Ní ìsàlẹ̀, mo fi àyè kan sílẹ̀ fún ohun tí ilé náà fi yàtọ̀ sí ilé mìíràn. Mo tún fi àwọ̀ bébà pín wọn: ọ̀nà Ìyìn ní àwọ̀ ewé, ọ̀nà Ìjàn ní yẹ́lò, àárín ìlú ní búlúù. Ẹni tó ń wá ilé ní ọ̀nà Ìjàn kò ní wulẹ̀ ka èyí tó wà ní ọ̀nà Ìyìn.

Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbà wá." Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn onílé ń ti Ajílòsùn àti Odò-Adó wá, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa tẹ irú tàwọn ẹlòmíràn yẹn." Orí mi wú. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Ilé tí Màmá ń gbé kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń gbé Ìlọrin ló ni ín. Màmá ló ń gbé iwájú ilé. Tíṣà kan tó ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Bí ọmọ onílé ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tó ní ká bá òun wá ẹni tí yóò gba yàrá méjèèjì.

Inú mi dùn láti ṣe é. Mo mọ ilé náà bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Màmá alára mọ̀ nípa rẹ̀, inú tirẹ̀ tún dùn ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí oníyàwòrán máa wá, ó gbá àyíká ilé, ó wọ sùtánà tó fín jù lọ, ó sì lọ dúró sórí fàráńdà.

Mo ní, "Màmá, ilé la fẹ́ yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, oníyàwòrán sì ya ilé náà láìsí i níbẹ̀.

Òun ló tún sọ ohun tí n ó kọ fún mi. "Kọ ọ́ pé kànga wa kì í gbẹ lọ́yẹ́. Kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níhà méjèèjì. Kọ ọ́ pé òjò kì í wọnú ulé yìí." Nígbà tí mo mú ojú-ìwé náà wá fún un, tí mo kà á sí i létí, ó ní, "Kí ló dé tó o fi kọ ọ́ ní 'ilé'? Ulé ni. Ṣé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló fẹ́ gbé e ni?" A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Fọ́tò méjì ni oníyàwòrán yà: ọ̀kan fún yàrá ẹ̀yìn, ọ̀kan fún iwájú ilé. Ọ̀gá mi ní kí n lo ti ẹ̀yìn. Mo wò ó. Ògiri ni, ilẹ̀kùn ni, kò sí ohun tó fa ojú mọ́ra níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ti iwájú ló dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ilé náà ná." Ó ní kò burú. Mo sọ àyè fọ́tò di ńlá, mo lẹ ti iwájú mọ́ ọn.

Ẹni tó wá wo yàrá náà ni bàbá ìdílé tó ń sùn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù, ọmọ méjì dì mọ́ ọn láṣọ. Wọ́n wo yàrá ẹ̀yìn wéré, wọ́n jáde, wọ́n sì dúró sí iwájú ilé. Obìnrin náà kò gbójú kúrò lára fàráńdà. Màmá bu omi kànga fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n ní ó tutù. Ó tún gbé àga fún aboyún náà.

N kò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn lọ bá onílé sọ. Mo kàn mọ̀ pé kí oṣù náà tó parí, ọmọ onílé dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó sì pẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá ní kí n bẹ̀ yín. Ẹni tó wá wo yàrá ẹ̀yìn fẹ́ gba gbogbo ilé pátá, yóò sì tún un ṣe. Ẹ lè máa gbé ibí títí di Àjíǹde, kí ẹ wá kó jáde."

Màmá dá ẹ̀rọ dúró. Ó wo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. "Ulé onílé ni," ló wí. "Ẹ bá mi kí bàbá." Nígbà tí ọmọkùnrin náà lọ tán, ó yíjú sí mi, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwé tí ọmọ mi tẹ̀ mà dára o."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Bó bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mo sọkún lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo lé e ni? Ilé tí kò bá tipasẹ̀ wa lọ, á tipasẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Gbogbo Adó ló ń rí bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà, kò wọlé. Ohun tó ń padà wá sí mi lọ́kàn ni fọ́tò méjì lórí tábìlì, àti ọwọ́ mi tó mú ọ̀kan.

Èmi tètè rí ibi gbé, nítorí ojú mi ni gbogbo ilé tó ṣófo ń gbà kọjá. Yàrá kan ni, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìyìn. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé ibẹ̀." Ó béèrè bóyá fàráńdà wà. Mo ní kò sí. Ó ní, "Níbo wá ni ẹ̀rọ yóò gbé? Má ṣèyọnu. Ulé bàbá mi ṣì wà ní Ìjàn." Mo dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, apá kan nínú mi fẹ́ ní yàrá tí yóò jẹ́ tèmi nìkan, tí n ó fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ tó kó lọ, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ wá bá wa di ẹrù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láàárín ẹní àti ìkòkò. Obìnrin kan ń bi í pé ta ni yóò máa rán sùtánà àwọn báyìí. Ó ní, "Ìjàn kì í ṣe òkè òkun."

Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ni fún ẹni tó fẹ́ tún ọwọ́ aṣọ ṣe lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, aṣọ funfun tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ní ìgbà kejì, n kò rí ẹyọ kan. Ó ń bá wọn hú ẹ̀gẹ́ nínú oko àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo mú ojú-ìwé mi, mo yí i padà: dípò ilé tí a ní, mo kọ ilé tí a ń wá. Yàrá kan àti pálọ̀, fàráńdà tó kọjú sí ọ̀nà, kí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà má jìnnà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó wa, mo tún lẹ òmíràn mọ́ ògiri l'Ọ́jà Ọba. Àwọn ènìyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ àjẹ́ńtì ń wá ilé. Ó pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìyá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí wá bá mi, ó ní òun ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Odò-Adó, inú òun yóò sì dùn sí aránṣọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé Ìjàn. Mo bá Màmá lábẹ́ òrùlé ìta, ó gbé ẹ̀rọ síwájú, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó rán, tí ó sì ti fọ̀, wà lórí okùn. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "O ṣeun. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. N kò ní lọ."

"Màmá, kí ló dé? Ṣé ara tù yín níbí ni?"

"Ọjọ́ mìíràn ó tù mí, ọjọ́ mìíràn kò tù mí. Níbo ni kì í rí bẹ́ẹ̀?" Ó já òwú. "Bí mo bá padà sí Adó, ṣé èmi ni yóò rọ̀ lọ́rùn ni, àbí ìwọ?"

Kò fi ìbínú béèrè é. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ó ní, "Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ulé yẹn ń jẹ ọ́ lọ́kàn. N kò mú un sọ́kàn sí ọ, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹlòmíràn. N kò fẹ́ kó o lẹ́ẹ̀kejì nítorí kí inú rẹ lè dùn."

Òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà oko. Ó dìde, ó ní kí n bá òun ká yunifọ́ọ̀mù. A ká wọn pọ̀, wọ́n ṣì tutù díẹ̀ lọ́wọ́, a sì sáré kó wọlé. Ó fi uṣu méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tètè lọ kí mọ́tò má bàa tán lójú ọ̀nà.

Mo ń lọ kí i lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí iṣẹ́ rán, kò pọ̀ tó ti Adó, ó ń jẹun. N kò jẹ́ dárúkọ ilé yẹn níwájú rẹ̀. Òun ló máa ń dárúkọ rẹ̀, tó bá ń ṣàwàdà fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ọmọ òun ló mọ ilé polówó jù lọ ní gbogbo Èkìtì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi á tẹ orí ba, n ó máa fi ọwọ́ gbá àjákù òwú jọ lórí tábìlì.