Ẹ̀yìn Ìbítóyè Lára Ṣubúọlá

Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀yìn Ìbítóyè ní Ìdòfin. Àwọn mìíràn mọ ẹ̀yìn náà ju bí wọ́n ṣe mọ Ìbítóyè fúnra rẹ̀ lọ. Àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀yìn ńkọ́, kó tó rántí kí onílé. Bí ẹ̀yìn náà bá ń dùn ún lówùúrọ̀, àwọn ará àdúgbò á sáré lọ kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, torí òjò ń bọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yìn yẹn du ipò káńsílọ̀, yóò wọlé láìná kọ́bọ̀.

Ebè kíkọ ló bà á jẹ́. Láti kékeré ni Ìbítóyè ti ń tẹ̀ lé ọkọ́ elérùkù kúkúrú káàkiri oko, ebè rẹ̀ sì máa ń ga débi pé ewúrẹ́ tó bá gun orí ọ̀kan lè máa wo àwọn tó ń tajà ní Obbo-Ayégúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn tẹ̀, kò nà mọ́. Ó wá ń rìn bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Ìyẹn dá wàhálà sílẹ̀, torí ọmọ wo ni yóò dúró kí bàbá olórí funfun tẹríba fún òun? Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Àwọn ọlọ́kadà á yà sínú igbó tèrò tèrò.

Ṣùgbọ́n Ṣubúọlá ìyàwó rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Orúnkún Ṣubúọlá méjèèjì máa ń han bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti pa tì, ìbàdí rẹ̀ sì ti ń ro ó láti ìgbà tó ti ń ru omi àti igi ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rí. Òun náà kò bi ara rẹ̀ mọ́. Ìrora náà ti di ẹrù ilé, bí àpótí ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá: èèyàn a kàn yà fún un bó bá ń kọjá ni.

Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń bá Ìbítóyè ṣe ohun tó yẹ kó fúnra rẹ̀ ṣe, kì í sì í ṣe oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀ nìkan. Ó ń bá a gba ààwẹ̀, torí Ìbítóyè kì í ríran rí ọ̀nà oko bí ebi bá ń pa á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, ìbàdí Ṣubúọlá ni Wòlíì Gideon máa ń gbé ọwọ́ lé bó bá fẹ́ gbàdúrà fún ìbàdí Ìbítóyè tó wà lóko. Ó ń bá a mu omi àdúrà. Ó ń bá a jó ìjó ọpẹ́. Nígbà tí ìyá Ìbítóyè kú, ọkùnrin náà ní ẹkún máa ń fa òun lẹ́yìn, ni Ṣubúọlá bá bá a sun ún. Ó sun ún dáadáa, ó nu ojú, ó sì lọ gúnyán fún àwọn àlejò. Inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí inú yẹn ti ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àáró ló wá dá gbogbo rẹ̀ rú. Àwọn mẹ́rin ló jọ ń ṣe é: Ìbítóyè, Olóyèdé, Mìkáílù, àti Májẹ́kódùnmí tó jẹ́ olórí wọn. Bí wọ́n bá kọ ebè lóko ẹni kan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn, títí yóò fi kárí. Lọ́dún tó kọjá, Ìbítóyè fi alágbàṣe rọ́pò ara rẹ̀. Abẹ́ igi káṣú ni alágbàṣe náà sùn sí títí oòrùn fi wọ̀, ìhanrun rẹ̀ sì lé gbogbo ọ̀bọ àgbègbè náà dé Obbo-Ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, Májẹ́kódùnmí ti ránṣẹ́ pé ẹni tí kò bá wá sóko òun fúnra rẹ̀ kó má retí ẹnikẹ́ni lóko tirẹ̀. Ṣubúọlá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ebè kò bá sí kí ilẹ̀ tó le, kò ní sí iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. Bí iṣu kò bá sí, òun náà ni yóò wá ohun tí wọ́n máa jẹ.

Ìbítóyè ti lo gbogbo ohun tí wọ́n ń tà. Ó ti fi rọ́ọ̀bù para débi pé ẹ̀fọn ilé wọn ń fi omijé fò. Ó ti mu àgbo tó lè wa mọ́tò. Ó ń gbé oògùn ara ríro tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì mì lẹ́kúnwọ́ lẹ́kúnwọ́. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé Àbújá wálé fún ọdún, wọ́n kó àwọn elétò ìlera wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iloffa, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ìbítóyè wọ ṣòkòtò tó rọrùn láti bọ́ nítorí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Favour, tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan, ni wọ́n ní kó rí, ẹni yẹn kò sì ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹní ló ní.

Ó tẹ ìka mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ní eegun kò ṣẹ́, iṣan ló ti gan. Ó ní kó yé gbé oògùn yẹn mì bí ẹ̀pà, kó má baà run ún ní kíndìnrín. Ó ní láràárọ̀ kó máa dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó ká orúnkún, kó gbé ìdí sókè kó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó fa orúnkún mọ́ra. Kó fọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, kó tẹ ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Bó bá fẹ́ gbé ẹrù, kó fi orúnkún lọ sílẹ̀, kó má fi ìbàdí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ṣubúọlá.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mà? Kò sí ibi tó ń dùn yín?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é,” Ìbítóyè dáhùn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà, Ìbítóyè rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ẹní, nínú ilé, lówùúrọ̀, kí iná tó jó, iṣẹ́ ta ni? Kí wọ́n tó dé Ìdòfin, ó ti sọ fún Ṣubúọlá pé kó máa bá òun ṣe é. Ṣubúọlá ní ó dáa.

Láràárọ̀ ni Ìbítóyè ń jókòó sórí àga, tíì lọ́wọ́, tí Ṣubúọlá ń gbé ìdí sókè nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ọ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kó gbé e ga sí i, ẹ̀yìn òun ṣì ń le. Ìgbà mìíràn, ó ní kó rọra, ó ti ń dun òun jù. Asiat, aládùúgbò wọn, ló yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan.

“Ìyá Pẹ̀lúmi, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yìn Bàbá Pẹ̀lúmi ni mò ń tọ́jú.”

Asiat wo ẹni tó wà lórí ẹní, ó wo ẹni tó wà lórí àga, ó ronú díẹ̀. “Bẹ́ ẹ bá ti ṣe tiwọn tán, ẹ bá mi ṣe tèmi náà. Orúnkún ni.”

Ọjọ́ oko Májẹ́kódùnmí pé. Ìbítóyè gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ti tọ́jú ẹ̀yìn òun láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó dé ojú ebè àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ba. Nǹkan dún kẹ́. Kò dìde mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló ń kí. Nígbà tí ìkíni náà pẹ́ jù, wọ́n gbé e ní kíká bó ṣe wà, wọ́n fi tì sí ìdí igi bí àga tí wọ́n pa dé.

Ṣubúọlá gbé oúnjẹ dé. Ó fi orúnkún lọ sílẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe é. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ. Ó mú ọkọ́.

“Ìyá Pẹ̀lúmi,” Májẹ́kódùnmí ní, “ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti sọ pé n ò gba arọ́pò.”

“Èmi kọ́ ni arọ́pò. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí, mo gbé e wá. Ẹ bi í bí kì í bá ṣe tirẹ̀.”

Gbogbo wọn yíjú sí ìdí igi. Bí Ìbítóyè bá jiyàn, kò sí àáró, kò sí iṣu.

“Tèmi ni,” ó sọ ọ́ sínú orúnkún ara rẹ̀.

Ṣubúọlá kọ ebè kan, ó dúró de ìrora. Kò dé. Ó kọ òmíràn, ó tún dúró. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò bá pa rédíò tó ti ń ké láti àná: èèyàn a kàn máa tẹ́tí, a máa retí kó tún bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó kàn ń kọ ebè lọ. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, Májẹ́kódùnmí rìn yí iṣẹ́ náà ká, ó ní àáró yóò dé oko Ìbítóyè. Ó wá lọ sí ìdí igi, ó kí Ìbítóyè kú iṣẹ́. Olóyèdé àti Mìkáílù náà kí i. Ìbítóyè dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ń ṣeni.

Ọkadà ni wọ́n fi gbé e délé, ní ẹ̀gbẹ́, bí ìdì igi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Ṣubúọlá fi kún iye tó ń ṣe, ó dá òun lójú pé ó ń fo ọ̀kan. Ṣubúọlá tẹ́ ẹní. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ dùbúlẹ̀.”

“Èmi?”

“Oko Olóyèdé ló kàn lónìí. Èmi ni wọ́n ń retí.”

Ìbítóyè rọra dé ilẹ̀, ó pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ó gbé ìdí sókè bí ìka ọwọ́ méjì, ó ní ó ń dun òun.

“Ó máa dùn yín,” Ṣubúọlá ní. Kò bínú. Ó fi tíì sí ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lè tó, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó jáde.

Asiat ń gbálẹ̀ lójúde. Ó kí i, ó bi í pé ẹ̀yìn Bàbá ńkọ́.

“Ó ń lọ sóko,” ni Ṣubúọlá wí, kò sì dúró.