Màmi, Ẹ̀yin Tí Wọn Kò Kọ́, Tí Wọ́n sì Dá Lẹ́bi

Ó dìgbà ná, Màmi. Ojú mi kò tíì gbẹ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wá síbi àdúrà fìdáù ìyá wa, ẹ forí jì mí pé èmi ni mo gbé kálàmù. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì, n kò sì tíì kọ ohunkóhun tí àwùjọ yóò kà rí. Bọ̀ọ̀dá mi Múfútáù ló yẹ kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè kọ ọ́ láìsunkún. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n yin Màmi, kí n má bá ẹnikẹ́ni jà. Mo gbìyànjú. Mo kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yìn wọ́n, ìbínú ni ó ń jáde. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Màmi, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ etí ọ̀sà. Ẹja ni ìyá yín tà títí ó fi darúgbó, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ̀yin fi ayé yín tọ́jú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ẹ ti ń ṣe nánì ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìgbògbò. Ẹ̀yin ni ẹ ń gba àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ ìyá wọn lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin ni ẹ ń tú bàtà wọn, tí ẹ ń fọ ìdí wọn, tí ẹ ń tẹ́ ẹní fún wọn lọ́sàn-án, tí ẹ ó máa fi èdè Ẹ̀pẹ́ yín kọrin títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Ìṣẹ́tí ìró yín kì í gbẹ, ikun imú ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń wà níbẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ ra áńkáṣífù, ẹ ó ní, "Ìró ló mọ imú ọmọ." Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í wọ́n lẹ́nu yín: "Ọmọ ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ mi."

Kí àwọn ọmọ tó wọlé ní sáà kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ yẹn a máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á pe olùkọ́ni láti òde, wọ́n á lẹ bébà aláwọ̀ mèremère mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn tíṣà ni wọ́n ń kọ́. Ẹ̀yin nánì, àti mẹ́gáàdì, àti dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń se oúnjẹ, iṣẹ́ tiyín lọ́jọ́ náà ni kí ẹ to àga, kí ẹ pín ìpápánu, kí ẹ sì tún kó àga padà. Ẹ sọ fún mi pé nígbà kan ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí olùkọ́ni ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó bá fara pa. Màdáámú tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà rí yín. Ó ní, "Ìyá Kúdí, èyí kì í ṣe tiyín o. Ẹ bá wa wo omi tútù yẹn." Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ fún mi. Ẹ ní omi náà kò tutù tó ojú tó fi wò yín. Ẹ̀rín náà kò wọ̀ mí lára, kò sì tíì wọ̀ mí lára di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ kò béèrè. Ẹ béèrè. Ẹ lọ bá Màdáámú ní ọ́fíìsì, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn nánì jókòó sẹ́yìn, kódà lórí ilẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n tún ń kọ́ ènìyàn ní ọmọ títọ́ ni, ṣebí abiyamọ ni gbogbo yín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àgbà ọ̀hún bí wọ́n ṣe ń tún orí náà ṣe?

Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù wá dé. Gìrì gbé ọmọkùnrin kékeré kan nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án. Tíṣà kíláàsì kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ wà pẹ̀lú wọn. Ara ọmọ le gan-gan, ojú rẹ̀ yí sókè. Ẹ ṣe ohun tí ìyá yín máa ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí náà yóò ṣe: ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Eyín iwájú rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà jí, ó sì wà ní àlàáfíà títí di òní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wọ́n pè yín sí ọ́fíìsì. Màdáámú bi yín pé, "Ta ló kọ́ yín ní irú ìyẹn?"

Ẹ ní, "Ẹnì kankan ò kọ́ mi ní nǹkan kan, mà. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ yín fún nìyẹn."

Wọ́n ní ìyájú ni. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n má bá yín ṣe mọ́. Ìròyìn rìn láti Ìgbògbò dé Lásunwọ̀n tí à ń gbé: nánì kan fi ṣíbí yọ eyín ọmọ. Awakọ̀ Màrúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ní òpópónà wa bẹ̀rẹ̀ sí pè yín ní Ìyá Oníṣíbí. Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí lónìí tí ìtàn ṣíbí nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ kò gbọ́. Ìyá ọmọ náà wá sílé wa. Mo rò pé ìjà ló bá wá, mo ti dìde dúró. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Màmá, ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ṣíbí lèmi náà máa wá." Ó wà láàárín yín lónìí. Ẹ ṣeun, mà.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, wọ́n kó àwa ọmọ tuntun jọ, nọ́ọ̀sì kan sì kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí gìrì bá gbé ènìyàn. Kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí a gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí a dúró tì í, bí kò bá sì tètè dáwọ́ dúró, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣàwàdà. Èmi ń wo ọwọ́ ara mi, mo sì fẹ́ kígbe.

Mo délé, mo sọ fún yín. Ẹ wá ní, "Ó tán? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí n sùn sórí ẹní. Ẹ fi ọwọ́ kan di èjìká mi, ẹ fi ìkejì di ìbàdí mi, ẹ yí mi. Ẹ tún mi yí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, ẹ ní, "Fara mọ́ ọn. Ọmọ tí gìrì gbé kì í sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nánì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wá sí àgbàlá wa lópin ọ̀sẹ̀, tí ẹ ń kọ́ wọn. Mẹ́gáàdì náà wá. Òun tó ga bí òpó iná ni ẹ tẹ́ sílẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nígbà tí oorun sì gbé e lọ, ẹ lù ú léjìká pé ọmọ kékeré kì í hanrun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi nínú ẹ̀rín náà. Kí ló dé tí àgbàlagbà fi ní láti sá pamọ́ kó tó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ là? Gbọ̀ngàn wà níbẹ̀. Àga wà níbẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n ń tò ó.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú yín lọ. N kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ pé ìtìjú ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá ń ti Ìbẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, ẹ máa ń yí gba ọ̀nà tó jìn kí ẹ má baà kọjá níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí ẹní Màmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà. N kò dárúkọ wọn. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ má dárúkọ wọn. Ẹ ká ìwé yìí sínú báàgì, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Màdáámú. Èmi kò bẹ̀rù fún Màmi mọ́, òkú kò níṣẹ́ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àṣírí láàárín wa, títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò to àga, tí àwọn náà yóò jókòó.

Màmi, Bọ̀ọ̀dá Múfútáù ló wọ inú sàréè láti gbà yín. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fi yín sùn lé. Mo bi í bóyá wọ́n rọra yí yín, ó ní wọ́n rọra, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ẹ sùn re o, Màmi. Ẹ sùn re níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi yín mọ́ pé ta ló kọ́ yín.

Ọmọ yín, Kúdí.