Ọjọ́ tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sọ Ọ̀rọ̀ Ayálégbé

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi mí ṣe ádímíìnì gúrúùpù àdúgbò wa lórí fóònù ní Ìsọlọ̀, tí mo wá ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Kò sí nǹkan méjì tí wọ́n rí lára mi ju pé mo mọ fóònù tẹ̀, bàbá mi sì ni alága àwọn lánlọ́ọ̀dù. Èmi náà gbà pé mo gbọ́n. Mo kọ òfin mẹ́ta síbẹ̀: kò sí èébú, kò sí irọ́, kò sí àìbọ̀wọ̀ fágbà. Òfin kẹta yẹn ló kó bá mi.

Géètì ló dá ìjà sílẹ̀. Olè wọ àdúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, wọ́n sì wọ ilé tiwa náà. Ni bàbá mi àti àwọn lánlọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní àwọn á máa ti géètì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò láago mẹ́wàá alẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní í ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Yéè! Gúrúùpù gbiná. Àwọn kan ní òfin gba onílé láàyè, àwọn kan ní ojú títì ìjọba ni, pé kóòtù á ní kí wọ́n wó géètì náà dànù. Àwọn tí kò fojú kan ìwé òfin rí di lọ́yà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ̀ ọ́, wọ́n ń sọ ẹgbẹ́ tí oníkálukú dìbò fún sí i lójú. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé ká dìbò lórí géètì náà lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni mo ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ o. Bí ayálégbé bá pe lánlọ́ọ̀dù ní òǹrorò, kíá, mo ti pa á rẹ́. Bí lánlọ́ọ̀dù bá pe ayálégbé ní aláìnílé, mo máa ń sọ fún ara mi pé àgbà ń báni wí ni. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣègbè. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Bọ̀dá kan wà tó yá yàrá kan nínú ilé kẹta sí tiwa. Ọ̀ṣun ló ti wá, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan lọ́nà ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí. Aago mẹ́wàá gan-an ni ṣíìfù rẹ̀ máa ń parí. Bí wọ́n bá ti géètì yẹn pẹ́nrẹ́n, àfi kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó kó kúrò nínú yàrá náà. Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù pé, "Alága, òfin wo lẹ rí kà tó ní kí n máa sùn síta?" Inú bí mi. Bàbá mi ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí? Ó ku ọjọ́ méjì ká dìbò lórí ọ̀rọ̀ géètì, mo yọ ọ́ kúrò, mo sì jókòó jẹ dòdò mi.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, màmá kan ládùúgbò ránṣẹ́ pè mí. Lánlọ́ọ̀dù lòun náà, ṣùgbọ́n kì í dá sí àríyànjiyàn. Ògbufọ̀ kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì: adájọ́ á sọ òyìnbó, màmá á sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, onítọ̀hún á fèsì, màmá á dá a padà lóyìnbó.

Ó ní, "Ka ohun tí ọkùnrin yẹn kọ fún mi."

Mo kà á tìbínú-tìbínú.

"Ohùn tìẹ nìyẹn. Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó mi orí. Ó wá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dúró ṣánṣán láàárín pálọ̀, ó sì sọ ọ́: "Alága, òfin wo lẹ rí kà tó ní kí n máa sùn síta?" Kò pariwo, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan níbẹ̀. Màmá ni mò ń wò, ọkùnrin yẹn ni mò ń gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò bú ẹnikẹ́ni.

"Ẹnìkan bú adájọ́ rí," màmá ní, "èmi ni mo fi ẹnu mi sọ èébú náà fún adájọ́, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Tí mo bá bu ọ̀kan kúrò níbẹ̀, ta ló máa gbọ́ ọkùnrin náà?"

Ó ní kí n dá bọ̀dá padà. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fèsì mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń jà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, títí onítọ̀hún á fi gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe sọ ọ́.

Mo dá a padà, mo sì kọ òfin tuntun náà síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù. Bọ̀dá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ìyàwó òun wà nínú oyún. Bàbá mi kọ́kọ́ fárígá: "Èmi ni kí n máa sọ̀rọ̀ ayálégbé?" Màmá ní, "Ẹ̀yin ni, alága. Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀." Ohùn bàbá mi wá wọlé: "Aago mẹ́wàá ni mò ń kúrò níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi lóyún. Bó bá ń rọbí, tí mo wà lẹ́yìn géètì, ta ni kí n ké sí?" Bọ̀dá ní, "Ẹ ṣé, sà. Bẹ́ẹ̀ ni." Òun náà wá sọ ti bàbá mi: "Mo ti dàgbà, olè sì ti wọlé mi. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta, ẹ̀rù máa ń bà mí." Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi. Bàbá mi kò jiyàn. Ó kọ ọ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnu ṣì ń yà mí nígbà tí màmá ní, "Ó ku ádímíìnì."

Mo gba ohùn mi sílẹ̀: "Mo béèrè ìbéèrè, wọ́n yọ mí kúrò."

Bọ̀dá ní, "Ó kù."

"Wọ́n yọ mí kúrò torí pé ayálégbé ni mí."

"Ó ṣì kù."

Omi bọ́ lójú mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́: "Ọmọ alága ló yọ mí kúrò. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò lórí ibi tí màá máa sùn, kò sì bi mí ní nǹkan kan."

Bọ̀dá wá fèsì: "Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

A dìbò, wọ́n sì ti géètì, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọlọ́dẹ kan tí yóò máa ṣí i fáwọn oníṣíìfù. Inú àwọn kan ò dùn, wọ́n kúrò nínú gúrúùpù fúnra wọn. Ọmọ bọ̀dá ti ń lọ síléèwé báyìí, ẹnu géètì yẹn náà ló ń gbà kọjá láràárọ̀. Èmi ṣì ni ádímíìnì. Bí ọ̀rọ̀ ìbò tàbí ti kóòtù bá tún gbóná, ìka mi ṣì máa ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ èèyàn. Mo máa ń kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sókè nínú yàrá mi, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ìgbà mìíràn wà tí mo ṣì máa ń yọ ọ́. Àmọ́ mi ò lè jẹ dòdò lé e lórí mọ́.